Ẹ Ha Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọba Náà Wò

Ẹ̀yin bàbá DNA! Ẹ̀yin ni mo ń bá wí, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kíláàsì tí ọmọ yín wà, tí ẹ ń pe Táíwò ní Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n tí ìgò kejì bá ti ṣófo níwájú yín ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ẹ ó na ìka sókè, ẹ ó ní: "Ayé ti bàjẹ́! Gbogbo ọmọ tó wà nílé mi pátá ni mò ń kó lọ fún DNA!" Ẹni tó jẹ owó ilé ẹ̀kọ́ sáà mẹ́ta ló ń wá owó àyẹ̀wò kiri.

Ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ló lọmọ. Ohun tó ń béèrè ni pé bí kò bá jẹ́ òun, ta ni yóò dá owó wàrà padà láti ọdún 2016, ṣé èlé sì wà lórí rẹ̀. Ẹ má bínú, ọmọ Ọbòkun. Ẹ̀yin náà mọ ara yín.

Ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyí gbà gbọ́ nípa DNA dùn ún gbọ́ létí. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ ọmọ sí, tí ẹ̀rọ náà á kùn hùù, tí á wá pariwo orúkọ bàbá ọmọ, àdúgbò tó ń gbé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ ta nìyẹn? Ẹ̀rọ lábù kò mọ ẹnikẹ́ni rí. Àfi kí ẹ kó ti ọmọ wá, kí ẹ kó ti bàbá wá, kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Àwọn kan tún wà tí wọ́n á ní àwọn ti ṣe DNA kí àwọn tó ṣègbéyàwó, pé pásítọ̀ ló ní dandan ni. Jẹ́nótáìpù lẹ ṣe, bàbá! AA tàbí AS tí wọ́n kọ fún yín yẹn, ọ̀pọ̀ lábù ìgboro kò fọwọ́ kan DNA yín rárá. Èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ yín pupa ni wọ́n tọ́ sórí bébà tútù kan, wọ́n fi iná mànàmáná lé e, wọ́n wo ibi tó sáré dé. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tó lọmọ.

Kí òyìnbó tó dé, àwa náà ní lábù tiwa. Itan ìyá ọkọ ni. Bí wọ́n bá ti bímọ, kó tó di ọjọ́ ìkómọ, màmá á gba ọmọ, á ní òun fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni. Àyẹ̀wò ni màmá ń ṣe. Á wo etí, á wo imú, á gbé ẹsẹ̀ ọmọ sókè, á wò ó bóyá ọmọ ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ga ju àtàǹpàkò lọ bíi ti bàbá àgbà. Lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, á ní: "Ó jọ wá." Ẹjọ́ parí. Bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo bàbá arúgbó tó ń ta ayò ní Ọjà Ọba ló jọ.

Ó dáa, ẹ bọ́ bàtà, ká wọ lábù, kí ẹ yé fẹnu ṣe iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ fọ DNA mọ́ kúrò lára ìdọ̀tí tó yí i ká. DNA wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí. Ó wà nínú yín, ó wà nínú ìbẹ́pẹ. Ẹ gún ìbẹ́pẹ pípọ́n, ẹ po ọṣẹ olómi díẹ̀ àti iyọ̀ pọ̀ mọ́ omi, ẹ dà á sí i, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá rọra da sípíríìtì tútù lé e lórí. Okùn funfun wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. DNA ìbẹ́pẹ nìyẹn, ẹ lè fi igi ìtayín wé e bí ẹ bá fẹ́. Ọṣẹ ló tú ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì, iyọ̀ ló jẹ́ kí okùn náà lè dìpọ̀, DNA kò sì lè yòrò nínú sípíríìtì, ìdí nìyẹn tó fi jáde síta. Ohun èlò lábù ńlá wọ́n ju èyí lọ, àmọ́ ìdí iṣẹ́ kan náà ni. Bó bá jáde tán, wọ́n á tún fi sípíríìtì oní 70 nínú 100 ṣàn án kó mọ́ tónítóní. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ ti jókòó dáadáa nìyí. Ẹ̀yin ará Òkè-Fìà, ẹ jọ̀ọ́, fífi ògógóró ṣan ọ̀nà ọ̀fun láti ọdún 1998 kì í ṣe iṣẹ́ lábù.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi DNA yan fanda pé ẹ̀jẹ̀ yín ga, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i? Friedrich Miescher, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló rí i ní ìlú Tübingen ní Jámánì lọ́dún 1869. Bándéèjì tí wọ́n tú kúrò lójú egbò àwọn aláìsàn ni wọ́n ń kó wá fún un láti ilé ìwòsàn, òun náà á sì jókòó, á máa fọ ọyún ara rẹ̀. Ọyún egbò lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iyọ̀ díẹ̀, torí iyọ̀ yìí ti dójú tì wá rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, ta ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀? Òṣogbo kò sùn. Iléṣà kò sùn. Olùkọ́ fáfitì ń ru garawa, ìyá ìjọ ń fi iyọ̀ ra ọmọ lára, ọmọ ń ké. Àwọn kan mu ún dé ilé ìwòsàn, àwọn kan mu ún dé sàréè. Ebola kò pa wọ́n o, iyọ̀ ló pa wọ́n.

Ní gbogbo àkókò tí àwa ń fi iyọ̀ wẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi iyọ̀ àti ọṣẹ ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi dá wọn. Patrick Sawyer, aláìsàn tó gbé Ebola wá, fò wọ Èkó láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014. Ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó àti ikọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ti Redeemer's University ló fi ọgbọ́n lábù tí wọ́n ń pè ní PCR jẹ́rìí sí i pé Ebola ni. Torí wọ́n tètè mọ̀, àwọn elétò ìlera tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹni tó fara kàn án kiri. Ènìyàn 20 péré ló ní in ní Nàìjíríà, Sawyer fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, 8 kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Redeemer's yìí, Ẹdẹ ló wà o! Ẹdẹ yìí náà, tí ẹ máa ń sùn kọjá nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń lọ síbi ìnáwó. Ilé ìwádìí wọn níbẹ̀, tí a mọ̀ sí ACEGID, ni gbogbo ayé ń wá. Ọmọ Cameroon ló ń darí rẹ̀, ọmọ Òṣogbo ń béèrè lọ́nà pé ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ìwé JAMB.

PCR tí mo dárúkọ yẹn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kó dá a sílẹ̀, torí òṣómàáló gan-an ni. Ẹ rántí àwọn bàbá yín tó gbé aṣọ àwìn láti Iléṣà yí Nàìjíríà po, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò ní dìde títí owó á fi jáde. PCR náà lóṣòó ti DNA. Á gbé e gbóná dé ìwọ̀n 95, okùn méjèèjì á ya ara wọn. Á jẹ́ kó tutù dé nǹkan bíi 55, kí ègé kékeré tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, tí kò ju bíi lẹ́tà 20 lọ, lè lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí wọ́n ń wá. Á tún gbé e sókè dé 72, ẹ́ńsáìmù á kọ okùn tuntun ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan di méjì. Ó tún lóṣòó, méjì di mẹ́rin. Ẹ wá wo èlé: bí òṣómàáló bá yá yín ní náírà kan, tó ní kí gbèsè náà máa di ìlọ́po méjì nígbàkigbà tí òun bá wá lóṣòó, nígbà kẹwàá, 1,024 lẹ jẹ. Nígbà ogún, ó di 1,048,576. Nígbà ọgbọ̀n, 1,073,741,824. Ó lé ní bílíọ̀nù kan, lórí náírà kan ṣoṣo! Ẹ̀rọ náà kì í sì í lò tó ọjọ́ kan. Wákàtí bíi méjì ti tó o. Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tí mo ṣàlàyé èyí fún kò béèrè nǹkan kan nípa DNA mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ náà ló ń béèrè.

Kary Mullis, ará Amẹ́ríkà, ló ronú kan ọgbọ́n yìí lóru ọjọ́ kan ní 1983, níbi tó ti ń wakọ̀ lọ ní California. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1993. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ojú ọ̀nà tiwa níbí ló ti ń wakọ̀ lóru. Kòtò ni ì bá máa rò, ẹ̀bùn náà ì bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù tí kì í kú nínú ooru 95 náà, kòkòrò tíntín kan ló ni ín, èyí tí Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Hudson Freeze rí nínú ìsun omi gbígbóná ní Yellowstone, ní àwọn ọdún 1960. Àwa náà ní omi gbígbóná ní Ìkògòsì, níwájú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níhìn-ín. Kí la fi ń ṣe? A ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a ń ya fọ́tò, a ń jẹ súyà.

Ewu kan wà nínú PCR, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ohunkóhun tó bá kó sínú ike ni ẹ̀rọ náà á sọ di púpọ̀, kò mọ tàbí-ṣùgbọ́n. Bí òṣìṣẹ́ bá sín sí i, DNA òṣìṣẹ́ lè di bílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ìbọ̀wọ́, tí wọ́n fi ń pín yàrá, tí wọ́n fi ń lé aláròyé síta. Wọ́n á tún gbé ike kan sílẹ̀ tí omi lásán wà nínú rẹ̀, wọ́n á kì í bọ ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí iṣẹ́ bá parí, tí omi náà bá ní bàbá, gbogbo èsì ọjọ́ náà di ìdànù. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ gba owó yín ní ìgboro léèrè bóyá ó ní ike omi. Bó bá ń wojú yín, ẹ gba owó yín padà.

Iná ńkọ́? Ẹ́ńsáìmù ń fẹ́ òtútù tó fi ìwọ̀n 20 wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì, ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú pẹ́ ń fẹ́ 80 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ ṣàlàyé fún fíríìsà pé wọ́n ti mú iná lọ láti àná. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa, ìdajì ọgbọ́n rẹ̀ wà lọ́dọ̀ DNA, ìdajì tó kù wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta dísù.

Bó bá wá di púpọ̀ tán, ó ku rírí. Láyé àtijọ́, wọ́n á tò ó sínú jẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á tan iná sí i. Ìdí àmì àròpọ̀ ni DNA ń sáré lọ, èyí tó bá kúrú ń ṣáájú èyí tó gùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ ẹ́ láró kan tó máa ń tàn bí wọ́n bá tan gílóòbù àrà ọ̀tọ̀ sí i. Ẹ̀yin ọmọ aláró Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ki ọwọ́ bọ aró yìí o. Èyí tí wọ́n lò jù láyé àtijọ́, ethidium bromide, lè ba DNA alààyè náà jẹ́. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń kà á. Fún ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ, ojú ibi bí ogún ni wọ́n ń wò. Nọ́ńbà méjì ló wà ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí ọmọ bá ní 12 àti 15, tí ìyá ní 12 àti 13, ọ̀dọ̀ bàbá ni 15 ti wá. Bí ẹ bá wá gbé 9 àti 17 jáde, ẹ má tíì pariwo. Ojú ibi kan ṣoṣo lè yí padà fúnra rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Bó bá wá di ojú ibi márùn-ún, mẹ́fà tí kò bára mu, ẹ lè jókòó kí ẹ tó pe ẹ̀gbọ́n yín.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi gbà wá lọ́dún 2020. Wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó kó Kòrónà wọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, Ẹdẹ ti ka gbogbo lẹ́tà inú kòkòrò náà tán, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti Ivory Coast dé fi wọlé, tí wọ́n ní kí wọ́n la imú fún òwú. Ẹ rántí bí a ṣe ń sá? Akíkanjú tó ń halẹ̀ ní Òkè-Fìà rí igi òwú, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé.

Èkó náà gbìyànjú. Ìjọba ibẹ̀ ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tiwọn ní 2017, èyí tí wọ́n lè fi mú ọ̀daràn láti ara ipa ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nínú rúkèrúdò tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú wọlé, wọ́n kó o lẹ́rù, wọ́n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbà mí o! Ilé tó yẹ kó mú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi gan-an nìyí. Ọ̀gbẹ́ni Alec Jeffreys ní Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní 1984 pé DNA lè ya ènìyàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọdún tó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé. Ọmọkùnrin kan, ará Ghana, ti lọ sílé, ó padà wọ ìlú òyìnbó, àwọn aṣọ́bodè ní irọ́ ni, pé obìnrin tó ní òun ni ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìyá rẹ̀. Jeffreys yẹ DNA ọmọ náà, ti ìyá àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wò. Ìyá ló bí i. Wọ́n ní kó wọlé. Ẹjọ́ ìdílé àkọ́kọ́ tí DNA dá láyé, ìyá ló dá láre, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gbà sílẹ̀. Àwa wá sọ ọ́ di kùmọ̀ tí a fi ń dẹ́rù ba ìyá ọmọ lóru.

Òfin pàápàá kò ràn yín lọ́wọ́. Abala 165 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó wà, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tó tú ká tí ìyá kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ọkọ ni ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ kà á sí. Ọjọ́ 280! Àwọn aṣòfin tiẹ̀ ti bá yín ka oṣù oyún.

Èéṣe tó fi jẹ́ ọmọ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ la fẹ́ ha lẹ́nu? Òótọ́ lẹ ń wá, àbí? Ó yá, òótọ́ pọ̀ nílẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ní Iléṣà, bí ẹ bá ju òkúta sínú Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ọmọ ọba ló máa bà. Ní Òṣogbo, ẹni tó wá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní 1994, tí oúnjẹ dùn mọ́ tí kò padà mọ́, ó ti tẹ káàdì tí wọ́n kọ "Ọmọ Ọba" sí. Bí oyè bá ṣófo báyìí, àwọn ọmọ oyè á máa pọ̀ sí i débi tí PCR fúnra rẹ̀ á fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìtàn ilé á jáde, fọ́tò bàbá àgbà tó dé adé ìlẹ̀kẹ̀ á jáde, adé náà á sì jọ èyí tí wọ́n ń háyà fún eré onítíátà.

Bẹ́ẹ̀, DNA ní oògùn rẹ̀. Okùn kan wà nínú ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Y. Bàbá ló ń fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọkùnrin náà á fún ọmọkùnrin tirẹ̀, kì í gba ọ̀dọ̀ ìyá kọjá. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà fún ìran púpọ̀. Bí ọkùnrin méjì bá ní ọba kan náà ló bí bàbá bàbá àwọn, tí wọ́n sì tọ ìdí ọkùnrin wá, Y wọn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Kò ní sọ orúkọ ọba o, ṣùgbọ́n yóò sọ ẹni tí kò bá àwọn yòókù tan. Ọ̀sán kan, igi òwú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ parí. Mo sì ti wá a tì, n kò rí ọmọ oyè kan tó dìde ní gbọ̀ngàn ìlú láti ní: "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí mi." Gbogbo wọn ń dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ìdájọ́ tèmi nìyí, ẹ má pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí àgbà kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyè, ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí, ẹni tó bá fẹ́ lé ìyàwó, kó to sí ìlà. Ẹ kò nílò abẹ́rẹ́, wọn kò ní gba ẹ̀jẹ̀ yín. Òwú ni wọ́n á fi ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ní apá ọ̀tún, wọ́n á ha ti òsì. Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ, ẹ kò gbọ́dọ̀ mu fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ha á, ọtí náà sì wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré, ẹ̀yin ọmọ ọba. Ẹ gbìyànjú.